Àyẹ̀wò Ìpìlẹ̀ fún Ọmọ Tó Ń Ṣe Eré Ìdárayá: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Mọ̀ Nípa Ọpọlọ Mímì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà eré ìdárayá, ìwé kan sábà máa ń ti ilé ẹ̀kọ́ wá sílé, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn ìdílé wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ọmọ á yọ ọ́ nínú báàgì rẹ̀ lálẹ́, á ní, "Mọ́mì, kóòṣì ní kí ẹ fọwọ́ sí i." Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé á fọwọ́ sí i láìkà á. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa concussion, nígbà mìíràn wọ́n á sì fi kún un pé àwọn fẹ́ ṣe baseline test fún ọmọ náà. Òbí tó bá tiẹ̀ kà á lè máa rò ó pé ṣé ọmọ òun ń ṣàìsàn ni wọ́n fi fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Rárá o. Ìgbà tí ara ọmọ bá le koko gan-an ni wọ́n máa ń ṣe àyẹ̀wò yìí, ìdí tó sì fi rí bẹ́ẹ̀ la fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí concussion jẹ́. Ọpọlọ mímì la ó máa pè é nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Ọpọlọ kò lẹ̀ mọ́ agbárí, inú omi ló wà, bí pupa ẹyin ṣe wà nínú èèpo rẹ̀. Bí a bá gbé ẹyin tí a mì ín jìgìjìgì, èèpo rẹ̀ lè má sán rárá, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ti dà rú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí nígbà tí orí ọmọ méjì bá gbára nílẹ̀ bọ́ọ̀lù, tàbí tí ẹnì kan bá fi èjìká gbá ọmọ láyà tí ọrùn rẹ̀ fì síwá sẹ́yìn. Kò di dandan kí nǹkan kan orí fúnra rẹ̀ kí ọpọlọ tó mì. Kò sì di dandan kí ọmọ dákú. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí ọpọlọ wọn mì, ó ṣòro kí ẹyọ kan dákú nínú wọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ létí pápá pé "kò dákú, kò sí nǹkan tó ṣe é" kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ohun tó tún ń da òbí láàmú ni pé ẹ̀rọ ayàwòrán kì í sábà rí i. A ó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, wọn á ya CT scan, wọn á ní kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí egungun tó fọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀jẹ̀ dídà àti egungun fífọ́ ni CT scan ń wá. Ní ti ọpọlọ mímì, bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yí padà, ìrísí rẹ̀ kò yí padà lọ́nà tí àwòrán yẹn lè gbé jáde. Èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ máa wá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wọn iṣẹ́ ọpọlọ fúnra rẹ̀: bí ojú ṣe ń tẹ̀ lé nǹkan, bí ara ṣe ń dúró láìta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n, bí ọmọ ṣe ń rántí ọ̀rọ̀ àti iye.

Òfin tó wà nídìí ìwé tí ọmọ ń gbé wálé náà ní ìtàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 13 kan tó ń jẹ́ Zackery Lystedt ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó fi orí gbálẹ̀ kí ìdajì eré náà tó parí. Ó jókòó díẹ̀, wọ́n sì tún dá a padà sórí pápá ní ìdajì kejì. Nígbà tí eré parí ló ṣubú lulẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú orí rẹ̀, hẹlikópítà ló gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n sì ṣí agbárí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì kí ọpọlọ tó wú lè ráyè. Ó lé ní oṣù mélòó kan kó tó lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jáde lẹ́nu. Àwọn òbí rẹ̀ kò jókòó sọ́fọ̀ọ̀ lásán. Wọ́n bá àwọn dókítà àti aṣòfin ṣiṣẹ́ títí òfin tí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà pè fi jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2009. Nígbà tó fi máa di ọdún 2014, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tó wà ní Amẹ́ríkà ló ti ní òfin tó jọ ọ́.

Ohun mẹ́ta ni òfin Washington yẹn sọ. Òbí àti ọmọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àlàyé kí wọ́n sì fọwọ́ sí i lọ́dọọdún. Ọmọ tí wọ́n bá fura pé ọpọlọ rẹ̀ mì gbọ́dọ̀ kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ padà títí oníṣègùn tó mọ̀ nípa rẹ̀ á fi kọ ìwé pé ó lè padà. Ẹ ṣàkíyèsí pé àyẹ̀wò ìpìlẹ̀ kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ eré ló máa ń yàn láti ṣe é.

Kí wá ni ìwúlò rẹ̀? Ẹni tí kò mọ iye tó wà nínú àpò rẹ̀ kí olè tó wọ̀ ọ́ kò lè sọ iye tí olè kó lọ. Ọmọ kan wà tó jẹ́ pé láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé ni kò ti lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan pẹ́. Òmíràn wà tí ojú rẹ̀ ń yára rẹ̀ bó bá ń kàwé. Ẹlòmíràn ní ẹ̀fọ́rí túúlu tí àwọn òbí rẹ̀ ti mọ̀ mọ́ ọn. Bí irú ọmọ báyìí bá forí gbá nǹkan lónìí tí a sì yẹ̀ ẹ́ wò, báwo la ṣe máa mọ èyí tí ìgbárí náà fà àti èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀? Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe nígbà tí ara rẹ̀ le ni wọ́n á gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní.

Ohun mẹ́ta ló ń jẹ́ ká lè dúró láìṣubú: ojú tó ń rí ibi tí a wà, ẹ̀yà kékeré kan tó wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń sọ fún ọpọlọ bí orí ṣe ń yí, àti àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú oríkèé ara tó ń mọ bí ilẹ̀ ṣe rí lábẹ́ wa. Ọpọlọ ló ń kó ìròyìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Nígbà tó bá mì, ìròyìn lè máa wọlé dáadáa síbẹ̀ kí ọpọlọ má lè tò ó bó ṣe yẹ. Ohun tó ń fa òòyì nìyẹn, tó sì ń mú kí ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe lẹ́sẹ̀ máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Àyẹ̀wò ìdúró tí wọ́n ń lò jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní BESS, tí àwọn olùwádìí ní Yunifásítì North Carolina gbé kalẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1990. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá kankan. Ọmọ á bọ́ bàtà, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, á di ojú. Lákọ̀ọ́kọ́, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró papọ̀. Lẹ́yìn náà, á dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ìyẹn ẹsẹ̀ tí kì í fi í gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà, á to ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn, gìgísẹ̀ iwájú á kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú àáyá 20 ni fún ìdúró kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ilẹ̀ líle, wọ́n á sì tún un ṣe lórí fóòmù, nítorí pé fóòmù kì í jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ mọ ilẹ̀ dáadáa. Bí ojú bá ti dì, tí ẹsẹ̀ náà ò sì rí ilẹ̀ gidi tẹ̀, etí inú nìkan ló kù tí ọpọlọ máa gbára lé. Ẹni tó ń wò ó á máa ka àṣìṣe: bí ọwọ́ bá kúrò ní ìbàdí, bí ojú bá là, bí ọmọ bá gbẹ́sẹ̀ tàbí tó fẹ́ ṣubú, bí gìgísẹ̀ tàbí iwájú ẹsẹ̀ bá gbé kúrò nílẹ̀, bí itan bá là jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí kò bá tètè padà sí ìdúró rẹ̀. Àṣìṣe 10 ni wọ́n lè kà mọ jù fún ìdúró kan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àṣìṣe 12 ni ọmọ ṣe lápapọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le. Bó bá wá ṣe 24 lọ́jọ́ tó forí gbá, ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Bó bá sì jẹ́ pé 24 ló máa ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó mọ̀ pé ìdúró rẹ̀ kò yí padà.

Nínú ìwé àyẹ̀wò tí gbogbo ayé ń lò létí pápá, tó ń jẹ́ SCAT, ti orí ilẹ̀ líle nìkan ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Prague ní ọdún 2004 ni SCAT ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹfà rẹ̀ ló wà lóde báyìí, èyí tó ti ìpàdé Amsterdam ti ọdún 2022 jáde. Ó wà fún ẹni ọdún 13 sókè, ti àwọn ọmọ ọdún 8 sí 12 sì wà lọ́tọ̀. Ó tún ń jẹ́ kí ọmọ fi ẹsẹ̀ to ẹsẹ̀ rìn lórí ìlà tó gùn ní mítà 3, kó yí padà, kó sì rìn ín bọ̀, kí wọ́n máa fi aago wò ó. Ó ní àmì àìsàn 22 tí ọmọ á fi iye láti 0 dé 6 díwọ̀n: orí fífọ́, òòyì, kí èébì máa gbé e, kí ìmọ́lẹ̀ tàbí ariwo máa dùn ún, kí inú rẹ̀ máa bàjẹ́ láìnídìí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó tún ní ti ìrántí. Wọ́n á ka ọ̀rọ̀ 10 sí ọmọ létí, á sọ èyí tó bá rántí, wọ́n á sì tún béèrè wọn lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún sókè. Á ka oṣù láti ìparí ọdún bọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀. Níbí ni ọ̀rọ̀ kan ti kan àwọn ìdílé wa gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin dé lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa síbẹ̀ kó má yá a lára láti ka oṣù sẹ́yìn ní Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá ṣe é tó sì kùnà, èdè ló kùnà, kì í ṣe ọpọlọ. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò náà, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Èdè tí wọ́n bá sì fi ṣe ti ìpìlẹ̀ ni kí wọ́n fi ṣe ti ọjọ́ tó forí gbá.

Ti ojú ni ọ̀pọ̀ òbí kì í mọ̀ nípa rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọmọ ti máa ń jìyà jù lẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Pittsburgh gbé àyẹ̀wò kan jáde tí wọ́n pè ní VOMS. Ọmọ á kọ́kọ́ sọ bí orí fífọ́, òòyì, èébì àti kíkúnnú orí rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, láti 0 dé 10. Á wá fi ojú tẹ̀ lé ìka tó ń lọ tó ń bọ̀ láìyí orí. Á máa yí ojú kíákíá láti ibì kan sí ibòmíràn, lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀. Wọ́n á gbé àmì kékeré kan bọ̀ díẹ̀díẹ̀ síwájú imú rẹ̀ títí á fi di méjì lójú rẹ̀, wọ́n á sì fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bó bá di méjì nígbà tó ṣì jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ó ní ohun tó ń dí ojú lọ́wọ́ láti pawọ́ pọ̀. Á tún tẹjú mọ́ ohun kan kó máa mi orí bíi ẹni tó ń sọ pé rárá, lẹ́yìn náà bíi ẹni tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tún bi í pé ṣé òòyì tàbí ẹ̀fọ́rí náà lé sí i. Ọmọ tó ń sọ pé ara òun ti yá nígbà tó jókòó lè fajú ro níbi mímì orí yìí.

Òmíràn tó rọrùn ni King-Devick. Ọdún 1976 ni wọ́n ti ṣe é láti fi yẹ ìwé kíkà àwọn ọmọdé wò, kó tó di pé wọ́n mú un wọ eré ìdárayá. Iye nọ́ńbà ló wà káàkiri lórí káàdì, ọmọ á ka wọ́n sókè kíákíá láti òsì sí ọ̀tún, aago á máa ka àkókò. Bó bá pẹ́ ju ti ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ tàbí tó ń ṣi nọ́ńbà kà, ó yẹ kí wọ́n mú un kúrò lórí pápá. Láìsí ti ìpìlẹ̀, káàdì yìí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, nítorí pé bí ọmọ kan ṣe ń yára kàwé sí yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí òbí kankan gbẹ́kẹ̀ lé àyẹ̀wò ìpìlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn onímọ̀ tó pàdé ní Amsterdam kò sọ ọ́ di dandan. Wọ́n ní ó lè wúlò. Ọmọ tí kò ní ti ìpìlẹ̀ ṣì lè rí ìtọ́jú tó péye, nítorí pé iye tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sábà máa ń ní wà nílẹ̀ tí dókítà lè fi wé tirẹ̀. Ti ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe nínú ariwo, pẹ̀lú ogójì ọmọ nínú gbọ̀ngàn kan, tàbí lẹ́yìn ìdárayá tí ọmọ ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò ju ìwé lásán lọ. Ọmọ á máa dàgbà, ìdúró àti ìrántí rẹ̀ á máa dára sí i, nítorí náà ti ọdún méjì sẹ́yìn kò lè sọ òtítọ́ nípa ọmọ ọdún 13. Àwọn ọmọ kan sì gbọ́n ju wa lọ: wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bàjẹ́ níbẹ̀rẹ̀ sáà, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá forí gbá, èsì wọn kò ní fi hàn. Ẹ bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí èyí kó tó lọ. Irọ́ ni, ara rẹ̀ ló sì ń pa á mọ́.

Ààwẹ̀ náà kàn án. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá bọ́ sínú Ramadan, ọmọ tí kò jẹ tí kò mu, tí kò sì sun oorun tó nítorí sààrì, lè ní ẹ̀fọ́rí àti òòyì tó jẹ́ ti ebi àti òùngbẹ. Ẹ ní kí wọ́n sún un síwájú di ẹ̀yìn ọdún ìtúnu. Bí wọn kò bá gbà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń gbààwẹ̀.

Ọjọ́ tí ọmọ bá wá forí gbá ńkọ́? Kó jáde kúrò lórí pápá, kó má sì padà lọ́jọ́ náà, bó ti wù kí ara rẹ̀ yá tó. Àwọn pápá wa nílé, omi tútù ni wọ́n máa ń dà sí ọmọ lórí, wọ́n á fi róòbù pa á níwájú orí, rẹfirí á fun fèrè, ọmọ á padà wọlé. Omi kò ṣe é ní ibi, pípadà wọlé ló léwu. Ọpọlọ tó ṣì wà nínú mímì àkọ́kọ́ lè wú lójijì bí ìkejì bá tún dé, àwọn ọmọdé ni èyí sì máa ń bá jù. Ní Northern Ireland ní ọdún 2011, ọmọ ọdún 14 kan kú lẹ́yìn tó forí gbá léraléra nínú eré rọ́gíbì kan ṣoṣo, tó sì ń bá eré náà lọ.

Ẹ má fi ọ̀ràn àwọn àmì wọ̀nyí falẹ̀ rárá, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀: kí ọmọ máa bì léraléra, kí ẹ̀fọ́rí máa le sí i, kí gìrì mú un, kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kú tipiri, kí ọ̀rọ̀ máa lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, kó má mọ ẹni tàbí ibi tó wà, kó máa sùn tí kò ṣe é jí, kí ọrùn máa dùn ún gan-an, kí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ máa ti etí tàbí imú jáde. Ẹni tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì á pe 999, ti Amẹ́ríkà á pe 911. Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, ìlànà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 2023 ṣì ní kí oníṣègùn gbọ́ nípa ọmọ náà láàárín wákàtí 24. Ẹ lè pe 111.

Lẹ́yìn náà ni ìsinmi wákàtí 24 sí 48. Ìsinmi yìí kì í ṣe pé kí wọ́n ti ọmọ mọ́ yàrá òkùnkùn. Ó lè rìn díẹ̀ nínú ilé, kí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n dín kù gan-an. Ẹ̀kọ́ ló máa kọ́kọ́ padà sí, díẹ̀díẹ̀, kó tó di eré. Eré náà ní ìpele: rírìn, sísáré díẹ̀, ìdárayá tí kò ní ìfarakanra, kó tó wá kan ìdíje. Ìpele kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 24. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ní kò gbọdọ̀ ṣe ìdíje kí ọjọ́ 21 tó pé. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn kan máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibí ni wọ́n ti máa ń lo ti ìpìlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, níbẹ̀ náà sì ni ẹ̀tàn wà. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2003 lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìdúró wọn ti padà sí ti ìpìlẹ̀ láàárín ọjọ́ 3 sí 5, nígbà tí orí fífọ́ àti àwọn àmì mìíràn ń bá a lọ dé bí ọjọ́ 7. Ọmọ tó yege lórí fóòmù lè ṣì máa ṣàìsàn. Gbogbo rẹ̀ ni dókítà máa ń wò papọ̀, ojú, ìdúró, ìrántí, àti ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ.

Àwọn alfa wa nílé kéú náà ní láti gbọ́ èyí. Ọmọ tó ti há ojú ewé mẹ́ta sórí lọ́sẹ̀ tó kọjá lè dé lọ́sẹ̀ yìí kó má rántí ojú ewé kan. Ẹsẹ Al-Kùránì lè máa di méjì lójú rẹ̀. Ọ̀lẹ kọ́ o, kò sì sí ohun tí pàṣán fẹ́ ṣe sí i. Kí òbí sọ fún alfa ṣáájú, kí wọ́n dín àkókò rẹ̀ kù, kó máa gbọ́ kíké dípò kó máa kà á fún ìgbà díẹ̀. Bí rúkúù àti fíforí kanlẹ̀ bá ń mú kí òòyì kọ́ ọ, àwọn onímímọ̀ ti fohùn ṣọ̀kan pé aláìsàn lè jókòó kírun, kó sì fi orí ṣàmì dípò ìforíkanlẹ̀. Bí ààwẹ̀ bá sì bá a nínú rẹ̀, yálà ó ti bàlágà tàbí kò tíì bàlágà, àìsàn ní ìyọ̀ǹda. Ẹni tó ti bàlágà á san án padà nígbà tí ara rẹ̀ bá le.

Nílé ní Nàìjíríà, ilé ẹ̀kọ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò ìpìlẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ó ń ṣe wá ní kàyéfì díẹ̀, nítorí pé ọmọ Nàìjíríà, Dókítà Bennet Omalu, tó kàwé ní Yunifásítì Nàìjíríà, ló yẹ ọpọlọ Mike Webster, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kan, wò ní Pittsburgh ní ọdún 2002, tí ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nípa ohun tí ìgbárí léraléra ń ṣe. Kóòṣì tó bá fẹ́ ṣe é nílé kò nílò ju aago, fóòmù kan, rúlà àti bíbò ìwé lọ, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tàbí oníṣègùn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kò gbọdọ̀ fi èsì rẹ̀ dá ọmọ padà sórí pápá fúnra rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ti ṣe ti ọmọ yín tán, ẹ gba ẹ̀dà èsì náà, kì í ṣe kó wà ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sí i lórí, àti bóyá ó sùn dáadáa lóru ọjọ́ tó ṣáájú. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tàbí ẹgbẹ́ mìíràn tó bá lọ, ẹ gbé e dání. Bí sáà tuntun bá sì dé, ẹ béèrè òmíràn.